Píkọ́ọ̀pù Ìyá Onípákó

Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé lánàá, ó sùn mọ́jú, ó ti padà lọ. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní "ó". Lójú rẹ̀, "ẹ" ni títí ayé.) Ohun tó bá wá ni pé òun fẹ́ mú Màámi lọ sọ́dọ̀ ara òun. Ó ní ilé tòun ò ní àtẹ̀gùn, tiwa sì ní mẹ́jọ kéèyàn tó dé ilẹ̀. Láti oṣù kejì tí Màámi ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn yẹn, wọn ò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Orí àga ẹ̀bá fèrèsé ni ilẹ̀ ń mọ́ bá wọn, ibẹ̀ náà ló ń ṣú bá wọn. Dókítà ní egungun ti jiná, pé ẹ̀rù ló kù.

Èmi ò fọhùn. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo sì fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti lanu báyìí, ọmọ ọdún méje ni mo máa ń dà.

Màámi nawọ́ síta láti ojú fèrèsé, sí píkọ́ọ̀pù wọn tó ti wà lábẹ́ tàpólì láti ọdún mọ́kàndínlógún. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí ọkọ̀ mi yẹn bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde ní géètì, ọjọ́ náà ni màá tẹ̀ lé ẹ. Òun ló gbé mi wọ ilé yìí, òun náà ló máa gbé mi jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. "Àbúrò, ṣé o gbọ́? Tún ọkọ̀ yẹn ṣe. Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀ wá mú wọn."

Kí n má purọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Ọdún mélòó ni mo ti ń wá àwáwí láti fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn? Ó wá di àṣẹ ẹ̀gbọ́n.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo ká tàpólì kúrò. Alángbá mẹ́rin, ìtẹ́ eku kan, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ni ín, koríko sì ti gba àárín ẹ́ńjìnnì jáde. Ara ọkọ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé nígbà kan rí ti dípẹtà látòkèdélẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé ara ilẹ̀kùn ṣì hàn: ÌYÁ ONÍPÁKÓ. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Màámi fi ń kó pákó láti ilé ìlagi lọ fún àwọn káfíńtà, àwọn fúnra wọn ló sì ń wa ọkọ̀.

Ìyàwó mi wá wo iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, òkú lẹ fẹ́ jí yìí o."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mẹkáníìkì dé. Baba Sùúrù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé "ẹ ní sùúrù" ló fi ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀, títí kan "ẹ káàárọ̀". Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í kú. Oorun ló ń sùn." Àdéhùn wa ni pé Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta ni yóò máa wá. Ọjọ́ tó kù, èmi ni màá máa tú, máa ha, máa fọ̀. Iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Mo gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

A tú bírékì, a tú kabúrétọ̀, a sọ rédíétọ̀ kalẹ̀. Mo to agolo mílíìkì mẹ́rìndínlógún sórí fàráńdà, nọ́ọ̀tì ibi kọ̀ọ̀kan nínú agolo tirẹ̀. Baba Sùúrù ní kí n kọ orúkọ sára agolo. Mo ní kí ni mo fẹ́ kọ orúkọ sí, ṣé orí mi ò pé ni?

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òjò láti àárọ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Yéè! Mo jáde lọ ra sáńpépà, kò ju wákàtí kan lọ. Ìgbà tí màá fi dé, Màámi jókòó sórí fàráńdà, wọ́n ti da agolo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún pọ̀ sínú abọ́ kan, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ gbogbo nọ́ọ̀tì, wọ́n ti fi tówẹ̀lì nù wọ́n, wọ́n sì ti tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ó ń dán gbinrin. Ẹni tó bá ń ta nọ́ọ̀tì ì bá rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo ní, "Màámi, kí lẹ ṣe yìí?"

"Ó dọ̀tí."

Mo káwọ́ lérí. Mo fẹ́ pariwo. Ìyàwó mi fa aṣọ mi lẹ́yìn, ó rọra sọ pé, "Kí ẹ tó bínú, ẹ wo ibi tí wọ́n jókòó sí ná." Mo wò ó. Fàráńdà. Láti oṣù kejì wọn ò jáde kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n sì ti fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ibẹ̀ láìsí ẹni tó dì wọ́n mú. Ni ìbínú mi bá tán. Mo ní kí wọ́n fún mi ní tówẹ̀lì kí n bá wọn nu ìyókù.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Baba Sùúrù ò ráàyè wá lỌ́jọ́rú, nítorí náà lónìí la mọ̀ bóyá sùúrù rẹ̀ tó orúkọ rẹ̀. Ó wo òkìtì nọ́ọ̀tì yẹn, ó wo ojú mi, ó jókòó sílẹ̀. "Tíṣà, orí yín pé, àbí?" Mo tọrọ àforíjì.

Màámi ló gbà wá. Láti orí fàráńdà ni wọ́n ti ń pariwo: "Rárá, ìyẹn kọ́! Ti bírékì ọ̀tún lèyí tó gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u ní ẹ̀gbẹ́ títì nínú òjò." Baba Sùúrù gbé e síbẹ̀, ó wọlé ṣinṣin. Nígbà tí ohùn wọn fẹ́ há, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan kí a lè gbọ́. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún sọ̀kalẹ̀ dé ìkejì. Kí a tó ṣíwọ́, wọ́n ti dé orí ìkẹta. Baba Sùúrù ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n má wòkè. Mo ń wo nọ́ọ̀tì bíi pé góòlù ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màámi dé ilẹ̀! Àtẹ̀gùn mẹ́jọ! Wọ́n di èjìká ìyàwó mi mú, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ náà ni ìyá mi fi sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa dúró, a lanu sílẹ̀.

"Kí lẹ ń wò? Ṣé ẹ ò rí obìnrin rí ni?"

Àpótí ìjókòó wọn ti di ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ báyìí. Àwọn ni ọ̀gá, Baba Sùúrù ni igbákejì. Mi ò tíì mọ ipò tèmi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù keje

Wẹ́dà wá lẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó ti lu. Irin pẹlẹbẹ ti wọ́n o! Iye tí mo fi ra àga mẹ́rin nígbà tí mo gbéyàwó ni mo fi ra ẹyọ kan ṣoṣo. Màámi ní kí wẹ́dà tún ojú kan jó, pé ó rí págunpàgun. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ìsàlẹ̀ ni, ta ló máa rí i?" Wọ́n ní, "Èmi ti rí i." Ó tún un jó.

Ẹ̀gbọ́n mi pè nírọ̀lẹ́. Ó ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pé òun ti kun yàrá Màámi, òun sì ti ra bẹ́ẹ̀dì tí kò ga. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo bojú wòta. Màámi ń kọ́ ìyàwó mi bí wọ́n ṣe ń tẹ bírékì kí atẹ́gùn lè jáde nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, epo dúdú wà ní imú ìyá mi.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé èmi ọ̀dẹ̀ èèyàn. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ nìyẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tú ilé mi ká, tí mo tún ń súfèé sí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

A gbé bátìrì tuntun sí i, a da epo sí i. Aránṣọ tó dojú kọ ilé wa pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì, ó wá dúró lẹ́nu géètì. Baba Sùúrù yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ń yí kùrùkùrù, kò gbaná. Ó tún un yí. Kùrùkùrù. Aránṣọ ní, "Ó ń hanrun!"

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Púlọ́ọ̀gì tuntun. Kọ́ìlì tuntun. Kùrùkùrù náà ni. Réwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, wá, ó fi gílóòbù kékeré rẹ̀ tọ wáyà kiri títí òjò fi lé e. Ó ní iná ń kúrò lára bátìrì, kò kàn dé ibi tó yẹ kó dé ni, òun ò sì mọ ibi tó ń yà sí lọ́nà. Tí òun bá máa rí i, àfi kí òun fa gbogbo wáyà ọkọ̀ jáde, ó sì lè gba oṣù kan. Màámi ń nu gíláàsì ẹ̀gbẹ́, wọn ò dá sí i. Ó yà mí lẹ́nu, ẹni tó mọ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan bí ọmọ inú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọjọ́ ńlá.

Láti àárọ̀ ni Baba Sùúrù ti ń yí i, tó ń tú u, tó ń dè é. Ní nǹkan bí aago méjì, ó ju sípánà mọ́lẹ̀. N kò rí i kó ju nǹkan rí láyé. "Tíṣà, ó ti sú mi. Ogójì ọdún lé méje ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bóyá ojú mi ni kò ríran mọ́." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ aránṣọ kọjá láìwojú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ gbalaja. Kí n sọ òótọ́: apá kan nínú mi yọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá dìde, Màámi ò lọ. Apá kejì rántí gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, mo wá rántí ojú Baba Sùúrù, ni ẹkún bá gbà mí. Èmi ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, mo ń sunkún nítorí ọkọ̀.

Màámi dìde lórí àpótí. Wọ́n ní, "Dìde nílẹ̀, ilẹ̀ tutù." Wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọ́n gun orí àga awakọ̀, wọ́n ti ọwọ́ bọ abẹ́ àga náà, mo gbọ́ "kẹ́". Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́.

Ó gbaná! Ẹ gbọ́, ó gbaná lẹ́ẹ̀kan náà! Gbogbo ara ọkọ̀ ń gbọ̀n, ilẹ̀ ń gbọ̀n, èmi náà ń gbọ̀n. Ohùn yẹn ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà èwe mi. Mo kígbe. Màámi sì pa á wéré kí aránṣọ tó yọjú.

"Màámi! Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún tí o jí ọkọ̀ mi gbé lọ fi ṣe fáàrí fún ọmọbìnrin, mo ní kí réwáyà fi súwíìṣì kan síbí. Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò lè gbé e. Mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè."

"Ẹ wá jẹ́ kí a máa pa ara wa láti ọjọ́ yìí!"

"Iṣẹ́ náà dáa. Mo gbádùn ẹ̀."

"Àti nọ́ọ̀tì tí ẹ dà pọ̀?"

"Ìyẹn ò ní ẹ̀tàn nínú. Ó dọ̀tí lóòótọ́."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni o, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ìdarí ọkọ̀, wọn ò wojú mi. "Mi ò fẹ́ lọ. Mi ò sì lè kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, ọmọ yẹn sunkún lórí mi nígbà tí mo ṣubú. Mo wá ohun tí kò lè ṣeé ṣe, mo fi ṣe àdéhùn. Mi ò mọ̀ pé ìwọ máa sọ ọ́ di ohun tó ń ṣeé ṣe."

"Kí ló wá dé tí ẹ tẹ̀ ẹ́?"

"Ò ń sunkún."

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ mi, mi ò ní yẹ̀ ẹ́. Tí o bá pe ẹ̀gbọ́n ẹ, màá lọ. Tí o ò bá pè é, ìwọ lo mọ̀."

Ajé, ogúnjọ́

Ẹ wo ìyà. Mo ní ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ sọ fẹ́nì kan. Èmi tí mo máa ń ròyìn ẹyin tí mo bá dín! Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Aránṣọ kígbe láti òdìkejì pé, "Tíṣà, ṣé kí n rán aṣọ òkú fún ọkọ̀ yẹn ni?" Mo bu ètè jẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Baba Sùúrù ò wá. Ìyàwó mi bá ìyàwó rẹ̀ pàdé nídìí ẹ̀rọ omi: ó ní ọkọ òun ò tíì dé ibi iṣẹ́ láti Àbámẹ́ta, pé ó ń wá ẹni tí yóò ta irinṣẹ́ rẹ̀ fún.

Mi ò lè fara mọ́ ìyẹn. Mo lè fi ọkọ̀ pamọ́, mi ò lè fi orúkọ rere ọlọ́rúkọ bo àṣírí mi. Mo sọ fún Màámi pé mò ń lọ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti yẹ kó o ti lọ láti àná." Mo bá Baba Sùúrù lórí àga níwájú ilé rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lójijì ló fò dìde, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ló fi sáré dé ilé wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Màámi: "Ìyá, ẹ pọ̀! Ẹ fi mí ṣeré, ẹ sì fi mí ṣeré dáadáa!" Ẹ̀ẹ̀méjìlá ló tan ọkọ̀ tó sì pa á. Aránṣọ gbàgbé tépù tó fi ń wọn aṣọ sọ́rùn, ó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu géètì.

Ó ti dé etí gbogbo àdúgbò. Kò sí àṣírí mọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Orí ìdúró ni mo wà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ ti dìde. Ṣùgbọ́n Màámi ò fẹ́ lọ. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ."

Mò ń gbọ́ aago ara ògiri rẹ̀.

"Ṣé o ti parí?"

"Mo ti parí, mà."

"Mò ń bọ̀ lọ́la."

Ìyàwó mi gbé omi tútù fún mi láì jẹ́ pé mo béèrè.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Màámi ló lọ pàdé rẹ̀ ní géètì. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹsẹ̀ wọn, ó wo àtẹ̀gùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tún wo ẹsẹ̀ wọn. Mo ti tẹ orí ba de ìbáwí. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó gbé báàgì lé itan.

Ó ní, "Mo mà ti kun yàrá yẹn." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Kì í ṣe torí àtẹ̀gùn. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká, rédíò ni mo máa ń tàn sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé. Mo fẹ́ kí ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi ni. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀."

Ojú ti èmi náà. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀, mi ò bi í rí pé báwo ni nǹkan.

Màámi ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ, mà."

Baba Sùúrù wúkọ́ lábẹ́ ọkọ̀. "Ẹ ní sùúrù o." Ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi náà ń rẹ́rìn-ín tomijé-tomijé.

Màámi yíjú sí ìyàwó mi. "Bá mi di ẹrù mi."

Mo ní, "Màámi, ẹ ní ẹ ò fẹ́ lọ."

"Kí wọ́n gbé mi lọ bí ẹrù ni mi ò fẹ́. Ẹni tó ń lọ tọ́jú ọmọ ẹ̀ kì í ṣe ẹrù. Oṣù kan ni mò ń lọ lò. Ọkọ̀ mi sì ń bá mi lọ, ọ̀dọ̀ mi ló máa wà."

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Màámi fúnra wọn ló wà á jáde ní géètì, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Gbogbo àdúgbò tò sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo gba ìdarí lọ́wọ́ wọn ní ìkóríta, mo sì wà á fún wákàtí méjì gbáko. Kò kọsẹ̀, kò gbóná. Mo gbé ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi kalẹ̀. Èmi tí mo tún ọkọ̀ ṣe, bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ padà wálé, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ

Ilé dákẹ́. Ìyàwó mi po tíì ife mẹ́ta, ó da ọ̀kan nù. Baba Sùúrù ṣì wá, ó ní òun ti mọ Ọjọ́rú lára. A jókòó, a ń wo ibi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mò ń fọ eyín ní àárọ̀ yìí nígbà tí mo gbọ́ fèrè lójú títì, mo sì mọ fèrè náà. Mo sáré jáde tọṣẹ-tọṣẹ. Píkọ́ọ̀pù náà ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí ọkọ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọgọ́ta ọdún tí kò wa ọkọ̀ rí láyé, ó di ìdarí mú gírígírí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Màámi wà, tí wọ́n ń pariwo pé, "Ọ̀tún! Mo ní ọ̀tún!"

Òsì ló lọ. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbá òpó géètì, ibi tí wẹ́dà jó ní ẹ̀ẹ̀mejì gan-an ló tẹ̀ wọnú.

Ó pa ọkọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ọdún méjìlá. "Àbúrò! Màámi ló wà á lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n mo gbà á ní ìkóríta kí o lè rí mi. Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, mà."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo wá lò. Wọ́n ní mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn rìn."

Màámi ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, wọ́n ń béèrè tíì. Wọ́n wo ojú mi àti ibi tí ojú mi wà. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣé o ti mọ wẹ́dà?"

Mo fọwọ́ pa ibi tó tẹ̀ yẹn, ọṣẹ eyín ṣì wà lẹ́nu mi. Mi ò rí nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú tó yẹn rí. Mo ké sí ìyàwó mi pé kó po ife mẹ́rin.